Ọ̀nà wo ni fótóònù gbà kọjá? Bẹ́ẹ ṣe máa to interferometer sórí tábìlì kẹ́ẹ fi bi í léèrè

Àríyànjiyàn lórí fótóònù, ìyẹn ẹyọ iná tó kéré jù lọ, ti pọ̀ jù. Interferometer ni ẹ̀rọ tó ń pín iná sí ọ̀nà méjì tó tún ń dà wọ́n pọ̀ kí ìlà dúdú àti pupa lè yọ, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé èwo nínú ọ̀nà méjì yẹn ni fótóònù gbà. Ẹnì kan á ní ọ̀nà méjèèjì ló gbà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹlòmíì á ní kò gba ìkankan àfìgbà tẹ́ẹ bá wò ó, ẹlòmíì á tún ní fótóònù mọ̀ pé wọ́n ń ṣọ́ òun. Èmi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà o, mo kàn fẹ́ fi hàn yín bẹ́ẹ ṣe máa to ìdánwò yẹn fúnra yín, kẹ́ẹ fi mítà wọn nǹkan méjì, kẹ́ẹ kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni bí ìlà dúdú àti pupa ṣe hàn kedere tó, V la máa pè é. Ìkejì ni bẹ́ẹ ṣe lè mọ ọ̀nà tí fótóònù gbà tó, a máa pe ìyẹn ní D. Àwọn onímọ̀ físíìsì Greenberger àti Yasin ti sọ nǹkan tó sún mọ́ ọn ní 1988, Englert wá là á kalẹ̀ dáadáa ní 1996 pé D² + V² kò lè ju 1 lọ. Ìyẹn ni pé ohun tẹ́ẹ bá fi kún ìkan, ara ìkejì lẹ ti máa yọ ọ́. Orí ìlà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo iṣẹ́ tá a fẹ́ ṣe dúró lé.

Ẹ̀rọ tá a máa tò ni Mach-Zehnder interferometer. Ludwig Zehnder ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1891, Ludwig Mach, ọmọ Ernst Mach, tún un ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Iná léésà á kan beam splitter àkọ́kọ́, ìyẹn dígí tó ń jẹ́ kí ìdajì iná kọjá tó sì ń da ìdajì yòókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀nà ti di méjì nìyẹn, ká pè wọ́n ní A àti B. Dígí gidi kan wà lójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tó ń yí iná padà kí méjèèjì lè pàdé lórí beam splitter kejì, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa dà pọ̀ tí wọ́n á sì gba ẹnu méjì jáde. Tẹ́ẹ bá wò ó látòkè, onígun mẹ́rin ni: beam splitter méjì dojú kọra ní igun, dígí méjì wà ní igun tó kù.

Ohun tẹ́ẹ máa wá

Léésà pupa kékeré tí wọ́n fi ń tọ́ka sí bọ́ọ̀dù ti tó, èyí tó jẹ́ 650 nm tí kò ju 1 mW lọ. Ẹ má gbé ojú yín sí gíga ibi tí iná ń gbà rárá, ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ pẹ̀lú, torí nǹkan tó ń dán pọ̀ lórí tábìlì yìí tó lè da iná síbi tẹ́ ò fọkàn sí.

Beam splitter méjì, ibí yìí ni kẹ́ẹ náwó sí. Ẹ ra èyí tó dà bíi kúùbù tí wọ́n kọ 50:50 àti non-polarizing sí. Àwọn tó rọjú máa ń pín iná lọ́tọ̀ fún ìgbì tó dúró àti ìgbì tó dùbúlẹ̀, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ ìdánwò polarizer (ìyẹn awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń jẹ́ kí ìgbì iná tó dojú kọ apá kan ṣoṣo kọjá) tá a máa ṣe níwájú máa dà rú mọ́ yín lọ́wọ́.

Dígí ilé ò dáa, ẹ̀yìn ni wọ́n kun fàdákà ẹ̀ sí, iná á kan gíláàsì iwájú kó tó kan fàdákà, ẹ máa rí àmì méjì dípò ìkan. Èyí tí wọ́n kun lójú lẹ fẹ́, ó sì wà nínú scanner àti printer léésà tó ti kú, ẹ bi àwọn tó ń tún printer ṣe, wọ́n máa ń kó òkú ẹ̀ jọ. Ẹ má fọwọ́ kan ojú ẹ̀, ẹ má sì fi aṣọ nù ún.

Polarizer: ẹ wá mẹ́rin. Tẹ́ẹ bá fẹ́ ṣí i lára sìkírínì LCD tó ti bàjẹ́, ẹ gbé méjì lé ara wọn kẹ́ẹ yí ìkan, tó bá dé 90 dígírì ó yẹ kó ṣú dúdú. Ẹ wá dojú ìkan délẹ̀, ẹ tún un yí. Tó bá ṣì ṣú, ó dáa nìyẹn. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ti ń ṣú, oríṣi mìíì ni, bíi ti awò tí wọ́n fi ń wo fíìmù 3D, kò lè ṣiṣẹ́ yìí. Èyí tó bá ní hóró hóró lójú pẹ̀lú, ẹ jù ú sọnù, ó máa fọ́n iná ká ni.

Photodiode kan, ìyẹn ohun kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, BPW34 dáa, kẹ́ẹ so ó mọ́ mítà oní-nọ́ńbà lórí µA (microampere). Ohun tí mo ṣe fẹ́ràn ẹ̀ ju kámẹ́rà fóònù lọ ni pé nọ́ńbà tó ń gbé wá ń bá iná lọ déédéé: iná di ìlọ́po méjì, nọ́ńbà náà di ìlọ́po méjì. Kámẹ́rà fóònù máa ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe fúnra ẹ̀ láì bi yín, V tẹ́ẹ bá kà lórí ẹ̀, irọ́ ni.

Pátákò granite tàbí táìlì tó nípọn, àti túùbù inú táyà kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí díẹ̀, kẹ́ẹ gbé pátákò lé e lórí.

Kí ìlà kọ́kọ́ jáde ná

Ẹ tan léésà sílẹ̀ kó gbóná dáadáa kẹ́ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ fi polarizer kan síwájú ẹ̀ gan-an kẹ́ẹ yí i títí iná á fi pọ̀ jù lọ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ibi tí polarizer yìí dojú kọ la máa pè ní òdo dígírì láti ìsinsìnyí lọ, òun la ó máa fi wọn gbogbo yòókù.

Lẹ́yìn náà, gíga. Ẹ gé páálí kan, ẹ gbé e sẹ́nu léésà, ẹ fi bírò sàmì síbi tí iná bá a, kẹ́ẹ máa gbé páálí yẹn káàkiri orí pátákò. Ibikíbi tí iná bá ti kúrò lórí àmì, dígí tó wà ṣáájú ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ẹ tún ṣe. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan onígun mẹ́rin yẹn jẹ́ 15 cm, tó fi jẹ́ pé láti beam splitter kìn-ín-ní dé ìkejì máa jẹ́ 30 cm, ì báà ṣe A ì báà ṣe B. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n dáadáa, kí ìyàtọ̀ àárín ọ̀nà méjèèjì má ju mìlímítà kan sí méjì lọ, torí ìgbì léésà pọ́ọ́kú kì í pẹ́ gbàgbé ìlù tó ń jó sí, tí ọ̀nà kan bá fi púpọ̀ gùn, kò ní sí ìlà kankan bẹ́ẹ tiẹ̀ ṣe é dalẹ́.

Báyìí, ẹ wo ògiri tó kọjú sí ẹnu àbájáde kan, ẹ máa rí àmì pupa méjì. Wọ́n gbọ́dọ̀ bo ara wọn níbi méjì: lórí beam splitter kejì fúnra ẹ̀, àti lára ògiri tó jìnnà. Dígí lẹ máa fi tún ti orí beam splitter ṣe, beam splitter yẹn gan-an lẹ máa yí fún ti ògiri. Tẹ́ẹ bá tún ìkan ṣe, ìkejì máa sún kúrò díẹ̀, ẹ padà síbẹ̀, ẹ máa lọ ẹ máa bọ̀ báyẹn títí méjèèjì á fi gbà. Ibí yìí ló ń sú àwọn èèyàn jù, kò sì sí ọ̀nà ẹ̀bùrú.

Tí wọ́n bá ti bo ara wọn, ẹ fi lẹ́ńsì kékeré sẹ́nu àbájáde kó fẹ iná lójú, ẹ máa rí ìlà pupa àti dúdú tó tò tẹ̀ léra wọn. Tí ìlà bá tín-ín-rín jù tí ojú ò lè kà á, igun tó wà láàárín ìtànṣán méjèèjì ló tóbi jù. Tí igun yẹn bá jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún radian, ìlà kan sí èkejì máa jẹ́ 0.65 mm, tẹ́ẹ bá dín igun kù sí ìdajì ìlà máa fẹ̀ ní ìlọ́po méjì.

Àwọn ìlà yẹn ò ní dúró jẹ́ẹ́ o. Ẹ̀rọ yìí ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Tí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀ ìlà á máa gbọ̀n pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ títí wọ́n á fi parẹ́ lójú yín, fáànù òkè náà ò dáa, tẹ́ẹ bá sì kàn na ọwọ́ sábẹ́ ọ̀nà A láì fara kan nǹkan kan, ooru ọwọ́ yín nìkan máa mú kí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Alẹ́, nígbà tí ìlú bá ti dákẹ́, ni kẹ́ẹ ṣe é, kẹ́ẹ sì fi páálí ńlá bò ó.

Ẹ ka V

Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan sí páálí dúdú, kí ihò yẹn kéré gan-an sí ìlà kan, ẹ gbé e síwájú photodiode. Ẹ fi ìka kan tẹ etí pátákò jẹ́jẹ́ kí ìlà máa rìn kọjá lórí ihò, kẹ́ẹ kọ nọ́ńbà tó ga jù àti èyí tó kéré jù sílẹ̀ (tí mítà yín bá ní bọ́tìnì MIN/MAX ó máa rọrùn). Ẹ pa léésà, ẹ ka èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ yọ ọ́ kúrò lára méjèèjì. V ni èyí tó ga jù dín èyí tó kéré jù, kẹ́ẹ wá fi àpapọ̀ méjèèjì pín in. Tí gíga bá jẹ́ 19 µA tí kíkéré jẹ́ 1 µA, V jẹ́ 18 lórí 20, ìyẹn 0.9. Tẹ́ẹ bá rí 0.9 pẹ̀lú nǹkan tẹ́ẹ ṣà jọ, ẹ kú iṣẹ́. Tí kò bá tó 0.7, ẹ padà lọ wo bí ìtànṣán méjèèjì ṣe bo ara wọn, kẹ́ẹ sì dí A kẹ́ẹ ka B, kẹ́ẹ dí B kẹ́ẹ ka A, bóyá ìkan ló lágbára ju ìkejì lọ.

Ẹ tún wo ẹnu àbájáde kejì kẹ́ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ibi tí ti àkọ́kọ́ bá ti mọ́lẹ̀ ni tiẹ̀ ti ṣókùnkùn, torí iná ò lè sọnù, tí kò bá gba ibí jáde á gba ọ̀hún.

Ìbéèrè tó rọrùn jù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọ̀nà tí fótóònù gbà láì sí wàhálà, kó gbé beam splitter kejì kúrò. Iná A á lọ tààrà sí ògiri kan, iná B á lọ sí ìkejì, bí fótóònù bá kan ògiri yìí, ẹ mọ ọ̀nà ẹ̀. D jẹ́ 1. Ìlà ńkọ́? Kò sí, V jẹ́ 0. Ẹ dá a padà, ìlà dé, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ọ̀nà mọ́.

Àwọn kan máa ní ṣé fótóònù ti rí i látòkèèrè pé beam splitter kejì wà ńbẹ̀ ni, ló ṣe tètè yan bó ṣe máa rìn. John Wheeler ló gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ ní 1978: ẹ jẹ́ kí fótóònù wọlé tán kẹ́ẹ tó pinnu. Ní 2007 àwọn ará Cachan ní ilẹ̀ Faransé, Jacques, Roch, Grangier, Aspect àtàwọn ẹgbẹ́ wọn, ṣe é pẹ̀lú interferometer tó gùn tó mítà 48 àti fótóònù ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kan ń ṣẹ́ kèké láti yan bóyá beam splitter kejì máa ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́, lẹ́yìn tí fótóònù ti kọjá ti àkọ́kọ́. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Tó bá ṣiṣẹ́ ìlà wà, tí kò bá ṣiṣẹ́ ìlà ò sí. Nítorí náà ẹ gbàgbé ti pé fótóònù ń tètè yan.

Ẹ fi àmì sí i lára

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ti dùn, torí àmì tá a fẹ́ fi sí i ṣe é dín kù, ó sì ṣe é fi kún. Ẹ gé polarizer méjì láti ara èyí kan náà (kí nínípọn wọn lè bára mu), ẹ fi ìkan sí ọ̀nà A, ìkan sí ọ̀nà B. Kẹ́ẹ yí ti A sí apá kan òdo, kẹ́ẹ yí ti B sí apá kejì, ní iye dígírì kan náà. Tẹ́ẹ bá yí A sí +15 tẹ́ẹ yí B sí −15, igun àárín wọn jẹ́ 30. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ ṣe é lọ́gbọọgba ni pé iná tó máa ṣẹ́ kù lọ́nà méjèèjì máa dọ́gba, bí kò bá dọ́gba, ìyẹn náà ti di àmì mìíì tẹ́ ò fẹ́.

V, ẹ ti mọ bẹ́ẹ ṣe ń kà á. D ńkọ́? Ẹ mú polarizer kẹrin, ẹ gbé e sẹ́nu àbájáde síwájú photodiode, ẹ yí i sí +45, apá ibi tí ti A wà. Ẹ dí B pẹ̀lú páálí, ẹ ka A. Ẹ dí A, ẹ ka B. D ni A dín B, kẹ́ẹ fi A àti B lápapọ̀ pín in. Ìgbà tẹ́ẹ bá fẹ́ ka V, ẹ yọ polarizer kẹrin yìí kúrò o, tẹ́ẹ bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ẹ ò ka nǹkan tẹ́ẹ rò pé ẹ ń kà.

Tí gbogbo nǹkan bá pé, nọ́ńbà tó yẹ kẹ́ẹ rí nìyí:

Igun 0: V jẹ́ 1, D jẹ́ 0.
Igun 30: V jẹ́ 0.87, D jẹ́ 0.5.
Igun 45: V jẹ́ 0.71, D náà 0.71.
Igun 60: V jẹ́ 0.5, D jẹ́ 0.87.
Igun 90: V jẹ́ 0, D jẹ́ 1.

Ti orí tábìlì yín máa kéré sí i. Tí V yín láti ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ 0.9, ẹ fi 0.9 sọ V ibí yìí di púpọ̀, ní igun 60 ẹ máa rí nǹkan bíi 0.45. Àpapọ̀ D² àti V² á wá jẹ́ 0.95. Ó lè kéré sí 1, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, dígí àti eruku ló jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n tó bá fi nǹkan gidi ju 1 lọ, ẹ má tíì pe àwọn oníwèé ìròyìn, ẹ lọ wò ó bóyá ẹ yọ nọ́ńbà òkùnkùn kúrò.

Ẹ wo igun 30 yẹn dáadáa. D 0.5 túmọ̀ sí pé tẹ́ẹ bá ń ta fótóònù lẹ́yọ lẹ́yọ tẹ́ẹ sì ń dárúkọ ọ̀nà tó gbà, ẹ máa gbà á 75 nínú 100, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó kàn ń méfò máa gbà á 50. Ẹ ti mọ nǹkan tó pọ̀ nípa ọ̀nà ẹ̀, síbẹ̀ ìlà ṣì wà níbẹ̀ kedere, V 0.87. Ohun táwọn tó ń sọ pé "tẹ́ẹ bá ti wò ó, ìlà máa parẹ́" kì í sọ fún yín nìyẹn. Kì í parẹ́ lójijì. Iye tẹ́ẹ bá mọ̀ ni iye tó ń san.

Ẹ nu àmì kúrò

Ẹ fi igun sílẹ̀ ní 90, A ní +45, B ní −45. Ìlà ti tán pátápátá, ògiri kàn pupa lásán ni. Ẹ gbé polarizer kẹrin padà sẹ́nu àbájáde, ẹ gbé e sí +45: iná A nìkan ló ń kọjá, kò sí ìlà. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí i díẹ̀díẹ̀ sí òdo. Ìlà máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára pupa yẹn, á máa dúdú sí i bẹ́ẹ ṣe ń yí i, tó bá dé òdo gan-an, ó ti yọ tán bí ẹni pé kò lọ rí. Ẹ máa yí i lọ títí dé 90, ẹ máa tún rí ìlà, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ibi tó jẹ́ dúdú tẹ́lẹ̀ ló ti di pupa báyìí.

Scully àti Drühl ló kọ́kọ́ gbé èrò nínu àmì yìí jáde ní 1982. Wọ́n máa ń bá a sọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ idán, pé wọ́n yí ohun tó ti kọjá padà. Èmi ò rí ohun tó yí padà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ka ti òdo àti ti 90 pọ̀, ihò kan sí ihò kan, ẹ máa rí i pé ògiri pupa lásán yẹn náà ni, kò sí ìlà. Ìlà méjì tó ń bo ara wọn ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, polarizer kàn ń jẹ́ kẹ́ẹ ṣà wọ́n lọ́tọ̀ ni, ó sì ń gba ìdajì iná lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ ẹ̀. Polarizer kan náà, ní +45 ó ń sọ ọ̀nà fún yín, ní òdo ó ń nu ọ̀nà kúrò. Ẹ̀yin lẹ mọ ìbéèrè tẹ́ẹ bi.

Ṣé fótóònù nìyí, àbí ìgbì lásán?

Ìbéèrè gidi ni, torí 1 mW iná 650 nm jẹ́ nǹkan bíi 3.3 × 10¹⁵ fótóònù ní sẹ́kọ́ńdù kan, ọ̀wọ́ ni wọ́n ń wọ̀ wọlé. Ẹ lè dín in kù. Gíláàsì ojú àwọn wẹ́dà, èyí tí wọ́n kọ 8 sí, ń jẹ́ kí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí kọjá. Mẹ́ta lórí ara wọn jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù. Fún pupa nìkan ó lè yàtọ̀ díẹ̀ torí gíláàsì yẹn láwọ̀, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú photodiode kẹ́ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ fúnra yín. Ó máa ṣẹ́ kù bíi mílíọ̀nù 3.3 fótóònù ní sẹ́kọ́ńdù kan. Nanosecond kan (ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdù) ló ń gba iná láti rin 30 cm tiyín, fótóònù kan sí èkejì wá ń jìn síra tó 300 nanosecond. Nínú àlàfo yẹn, iná ti lè rin mítà 90. Ìyẹn ni pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ yín ṣófo, tó bá sì ní nǹkan nínú, ẹyọ kan ni. Photodiode ò lè ka ìyẹn mọ́, kámẹ́rà tó ṣe é yọ lẹ́ńsì ẹ̀ tó sì lè ṣí ojú fún ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdù lẹ máa lò, nínú òkùnkùn biribiri, kẹ́ẹ ya tó pọ̀ kẹ́ẹ rò wọ́n pọ̀. Ìlà máa jáde, níbi kan náà.

G. I. Taylor ti ṣe irú ẹ̀ ní Cambridge ní 1909, iná gáàsì àti gíláàsì tó fi èéfín kun ló lò, òjìji abẹ́rẹ́ ló ń yà, èyí tó pẹ́ jù gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ìlà òjìji yẹn ò yí padà.

Àmọ́ kí n má tàn yín: kò sí bẹ́ẹ ṣe lè dín léésà kù tó tó máa di fótóònù ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní òótọ́. Nígbà míì méjì á wọlé pọ̀, bí èèyàn méjì ṣe lè ṣèèṣì dé bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà láì mọra. Grangier, Roger àti Aspect ló ṣe é bó ṣe yẹ ní 1986, átọ́ọ̀mù calcium ni wọ́n lò, tó ń tú fótóònù méjì sílẹ̀ tẹ̀ léra, wọ́n á fi àkọ́kọ́ mọ̀ pé ìkejì ń bọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi beam splitter ẹyọ kan hàn pé fótóònù yẹn kì í pín ara ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba fótóònù lẹ́nu àbájáde méjèèjì kì í sábà dún pọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé fótóònù kan náà wọ inú Mach-Zehnder, ìlà jáde, V ju 0.98 lọ.

Àmì tó kéré gan-an: ẹ bi dígí

Ní 2013 Danan, Farfurnik, Bar-Ad àti Vaidman ní Tel Aviv gba ọ̀nà mìíì. Wọ́n ní kí dígí kọ̀ọ̀kan máa gbọ̀n díẹ̀ ní iye tirẹ̀, kí iná tó bá kan dígí náà máa gbé ìgbọ̀n yẹn dání, kí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́nu àbájáde. Ti orí tábìlì ṣe é ṣe. Ẹ lẹ disiki piezo, irú èyí tó wà nínú ohun tó ń dún pìí nínú aago àláàmù, mọ́ ẹ̀yìn dígí méjèèjì. Fóònù ni kẹ́ẹ fi wakọ̀ wọn, ohùn apá òsì ní 283 Hz sí dígí A, ohùn apá ọ̀tún ní 317 Hz sí dígí B. Ẹ má mú nọ́ńbà tí 50 lè pín, torí iná NEPA àti gílóòbù máa ń wọ inú ẹ̀. Ẹ fi abẹ fẹ́ẹ́rẹ́ bo ìdajì ìtànṣán síwájú photodiode, kó lè jẹ́ pé tí ìtànṣán bá yẹ̀ díẹ̀, iná tó wọlé á yí padà. Ẹ so photodiode mọ́ ẹnu máìkì kọ̀ǹpútà, kẹ́ẹ fi Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀, wo òkè tó yọ ní Plot Spectrum.

Ẹ dí B, 283 nìkan ló máa yọ. Ẹ dí A, 317 nìkan. Ẹ ṣí méjèèjì, méjèèjì yọ. Ẹni tó bá rí ìyẹn lè fò sókè pé òun ti mọ̀ pé ọ̀nà méjèèjì ni fótóònù gbà, ìlà ò sì parẹ́! Ẹ rọra. Ìgbọ̀n yẹn kéré débi pé lára fótóònù kan ṣoṣo ẹ ò lè fi mọ nǹkan kan, D sún mọ́ 0, V ló ṣe sún mọ́ 1. Òkè tẹ́ẹ rí yẹn, ogunlọ́gọ̀ fótóònù ló kó o jọ. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó dáhùn ìbéèrè yín.

Ohun tó fa ariwo nínú ti Tel Aviv ni pé interferometer kékeré kan wà nínú apá kan ti ńlá. Dígí A àti B wà nínú ti kékeré, C wà ní apá kejì ti ńlá, E wà lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé kékeré, F lẹ́nu àbájáde ẹ̀. Wọ́n tún kékeré ṣe kí ó má bàa tú iná kankan sí F. Nígbà tí wọ́n wo òkè, A, B àti C yọ, E àti F ò yọ. Àwọn kan ní fótóònù wà nínú kékeré láì wọlé láì jáde. Tẹ́ẹ bá fi ìgbì lásán ṣírò ẹ̀, gbogbo òkè yẹn náà lẹ máa rí: tí A bá yẹ̀, òun àti B ò pa ara wọn rẹ́ tán mọ́, iná díẹ̀ máa jò gba F, èyí tó jò yẹn sì máa bá iná C pàdé. Tí E bá yẹ̀, A àti B jọ yẹ̀ pọ̀ ni, wọ́n ṣì ń pa ara wọn rẹ́, nǹkan kan ò jò. F fúnra ẹ̀, iná ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó máa rí gbọ̀n.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ tò ó, beam splitter mẹ́rin lẹ nílò, kẹ́ẹ dí C kẹ́ẹ tó tún kékeré ṣe, kẹ́ẹ yí i títí photodiode á fi ṣókùnkùn. Ẹ má tíì ṣí C. Ẹ tan piezo, ẹ wo Audacity: òkè A àti òkè B náà ò sí, bẹ́ẹ̀ dígí méjèèjì ń gbọ̀n. Èyí tó ń jò kéré jù láti dá hàn, iná C ló ń gbé e sókè tó fi ń hàn. Ẹ wá yọ páálí kúrò lójú C, òkè A àti òkè B máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà.